Dẹ́ẹ̀kì Ark Royal tí kò jókòó: ẹ má tíì ṣí gọ́ọ̀mù

Ìbéèrè òǹkàwé: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń kan àwòṣe Ark Royal, ọkọ̀ agbébàálù Gẹ̀ẹ́sì, ti ọdún 1939, ìwọ̀n 1/350. Mo ti lẹ ara ọkọ̀ pọ̀, àmọ́ nígbà tí mo gbé dẹ́ẹ̀kì, ìyẹn ojú òkè tí bàálù ti ń gbéra, lé e, iwájú rẹ̀ ń gbéra sókè, àlàfo tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mìlímítà 2 sì wà lápá òsì ní àárín. Ṣé kí n da gọ́ọ̀mù sí i dáadáa, kí n wá fi okùn dì í mọ́lẹ̀? Mo fẹ́ kí ọkọ̀ náà rí bó ṣe rí lọ́jọ́ tí àwọn bàálù rẹ̀ kọlu Bismarck, ọkọ̀ ogun Jámánì. Bàálù wo ni mo máa tò sórí rẹ̀, àwọ̀ wo ni dẹ́ẹ̀kì? Mo tún rí Illustrious 1/350, ọkọ̀ agbébàálù Gẹ̀ẹ́sì mìíràn, ti ilé-iṣẹ́ Airfix tí mo fẹ́ rà kó lè dúró ti Ark Royal.

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ náà. Ohun méjì ni kí ẹ dá dúró ná: gọ́ọ̀mù tó wà lọ́wọ́ yín, àti owó tí ẹ fẹ́ fi ra Illustrious. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú ti owó kúrò nílẹ̀, torí kò gùn. Illustrious 1/350 tí Airfix ṣe kì í ṣe ọkọ̀ Ogun Àgbáyé Kejì. Èyí tó wọṣẹ́ ní 1982 ni, tí iwájú dẹ́ẹ̀kì rẹ̀ tẹ̀ sókè, tó sì gbé bàálù Harrier nígbà ayé rẹ̀. Orúkọ nìkan ló pa wọ́n pọ̀. Illustrious ti ayé ogun wọṣẹ́ ní 1940. Òun ló rán bàálù Swordfish 21 lọ kọlu àwọn ọkọ̀ ogun Ítálì ní èbúté Taranto lóru ọjọ́ 11, oṣù Kọkànlá ọdún yẹn, òun náà sì ni bọ́ǹbù Jámánì bà jẹ́ nítòsí Malta ní ọjọ́ 10, oṣù Kìíní, 1941. Ilé-iṣẹ́ Aoshima ṣe é ní 1/700, gígùn rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 322. Ark Royal yín á gùn tó 697. Lójú òkun, nǹkan bíi mítà 18 péré ni Ark Royal fi gùn jù ú lọ. Bí ẹ bá tò wọ́n pọ̀ sórí pákó kan, ẹni tó bá wò wọ́n á gba irọ́ gbọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ó wá kan dẹ́ẹ̀kì. Rárá, ẹ má fi agbára mú un. Ohun tí gọ́ọ̀mù ike ń ṣe ni pé ó ń yọ́ ojú ike méjèèjì díẹ̀ kí wọ́n lè wọnú ara wọn. Bí ẹ bá fi okùn fa dẹ́ẹ̀kì wálẹ̀ tí gọ́ọ̀mù sì gbẹ bẹ́ẹ̀, ike náà ò ní yéé fẹ́ padà sí bó ṣe wà. Ojú ìlẹ̀, ìyẹn ibi tí ẹ ti lẹ dẹ́ẹ̀kì mọ́ ara ọkọ̀, á máa já díẹ̀díẹ̀, ọ̀dà á sán lórí rẹ̀, tàbí kí ara ọkọ̀ fúnra rẹ̀ tẹ̀ tẹ̀lé dẹ́ẹ̀kì. Nígbà tí ẹ bá máa fi rí i, bàálù àti ìbọn ti wà lórí rẹ̀, kò sì ní ṣeé tú mọ́. Ark Royal gidi gùn ní mítà 243.8. Lórí ohun tó gùn tó sì tẹ́jú báyẹn, mìlímítà kan tó yẹ̀ ni ojú máa kọ́kọ́ lọ bá, kó tó rí ohunkóhun mìíràn. Lójú tiwa, ẹni tó bá ti mú dẹ́ẹ̀kì jókòó dáadáa ti kan ọkọ̀ agbébàálù náà tán dé ìlàjì.

Ẹ kọ́kọ́ wádìí èyí tó wọ́ nínú àwọn méjèèjì. Ẹ wá dígí tó nípọn, irú ti ojú tábìlì, tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 80, kí ẹ sì dojú dẹ́ẹ̀kì dé lé e. Ẹ fi bébà ìtẹ̀wé kan wọ abẹ́ rẹ̀ yíká. Bébà bẹ́ẹ̀ nípọn tó 0.1 mm, nítorí náà ibi tó bá ti wọlé fàlàlà ni dẹ́ẹ̀kì ti gbéra. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra níbí o: lórí ọkọ̀ gidi, orí méjèèjì dẹ́ẹ̀kì rọra tẹ̀ wálẹ̀, pàápàá ní ìdí ọkọ̀. Tí ẹ bá dojú rẹ̀ dé, àwọn orí yẹn gbọ́dọ̀ gbéra kúrò lára dígí. Ìyẹn kì í ṣe àbùkù, ẹ má sì gbìyànjú láti tẹ́ ẹ. Àárín tó gùn gbọọrọ ni kí ẹ yẹ̀ wò.

Lẹ́yìn náà, ẹ wọn fífẹ̀ ara ọkọ̀ létí òkè rẹ̀ ní ibi márùn-ún láti iwájú dé ìdí, kí ẹ sì wọn abẹ́ dẹ́ẹ̀kì ní ibi márùn-ún kan náà. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Pẹ̀lú àlàfo tí ẹ sọ pé ó wà lápá òsì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ti wọnú. Ike máa ń súnkì nígbà tó bá ń tutù nínú mọ́ọ̀dù, ẹ̀gbẹ́ tó gùn tó sì fẹ́lẹ́ tí kò ní ohun tó dá a dúró láàárín a sì máa tẹ̀ sínú. Bí ẹ bá sì tún fi rọ́bà di ara ọkọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ nígbà tí ẹ ń lẹ̀ ẹ́ pọ̀, ó lè tẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bó bá jẹ́ dẹ́ẹ̀kì ló wọ́, omi gbígbóná ni oògùn rẹ̀. Ẹ má lo omi tó ń hó, torí á rọ ike náà kọjá àtúnṣe. Ẹ da omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó àti omi tútù pọ̀ ní ìlàjì-ìlàjì, ìyẹn á fún yín ní bíi 60°C. Dẹ́ẹ̀kì tó gùn tó 70 sẹ̀ǹtímítà kò ní wọ abọ́ kankan nínú ilé, nítorí náà ẹ lo báàfù, tàbí kí ẹ tẹ́ táwẹ́ẹ̀lì lé e, kí ẹ sì rọra da omi náà sórí táwẹ́ẹ̀lì. Ẹ fi í sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú méjì, kí ẹ tẹ́ ẹ sórí dígí, kí ẹ gbé àwọn ìwé ńláńlá lé àárín rẹ̀, kí orí méjèèjì tó tẹ̀ sì yọ síta lẹ́bàá dígí. Ó di ọjọ́ kejì kí ẹ tó gbé ìwé kúrò. Bí kò bá tíì tẹ́, ẹ tún un ṣe. Ó sàn kí ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta ní 60 ju kí ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀kan ní 90 lọ.

Bó bá jẹ́ ara ọkọ̀ ló wọnú, ẹ máa nílò ọ̀pá ìtì, ìyẹn ọ̀pá tó máa dábùú inú ọkọ̀ láti ti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì síta. Férémù ike tí àwọn ẹ̀yà so mọ́ nínú páálí ti tó. Bí ẹ bá ní ike pẹlẹbẹ tó nípọn tó 2 mm, ó dára jù. Ẹ gé àkọ́kọ́ ní ìwọ̀n fífẹ̀ abẹ́ dẹ́ẹ̀kì, ẹ yọ ìnípọn ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kúrò, kí ẹ sì fi bẹ̀rẹ̀ níbi tí ó burú jù. Ẹ gé e kó gùn díẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ máa fi sáńpépà dín in kù ní 0.5 mm lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan títí tí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ á fi bọ́ sábẹ́ etí dẹ́ẹ̀kì gẹ́lẹ́. Tí ọ̀pá bá gùn jù, ẹ̀gbẹ́ á yọ síta, àlàfo tí ẹ̀yin ń sá fún lápá òsì á sì lọ yọ lápá ọ̀tún. Lẹ́yìn èyí, ẹ máa to ìyókù ní 70 mm síra wọn láti iwájú dé ìdí. Orí ọ̀pá kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ fi bíi 3 mm rẹlẹ̀ sí etí ara ọkọ̀, kò sì gbọdọ̀ gba abẹ́ lífítì tó ń gbé bàálù gòkè kọjá bí ẹ bá fẹ́ kí lífítì kankan wà nísàlẹ̀. Gọ́ọ̀mù tó ki ni kí ẹ lò fún wọn, kì í ṣe ti olómi, kí ẹ sì fi wọ́n sílẹ̀ fún wákàtí 24.

Nígbà tí ẹ bá wà níbẹ̀, ẹ lẹ ike tẹ́ẹ́rẹ́ 1.5 mm mọ́ inú ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ lọ gbọọrọ, kí orí rẹ̀ bá etí ara ọkọ̀ dọ́gba. Etí ara ọkọ̀ nìkan fẹ́lẹ́ jù fún gọ́ọ̀mù láti rí ibi dì mú. Iṣẹ́ ọ̀sán kan ni, a ò sì rí ẹni tó ṣe é tó kábàámọ̀.

Iwájú tó ń gbéra sókè, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Lọ́pọ̀ ìgbà kì í ṣe pé dẹ́ẹ̀kì wọ́. Nǹkan kan ló ń gbé e. Ó lè jẹ́ ìdí férémù tí wọn ò gé kúrò tán, ó lè jẹ́ gọ́ọ̀mù tó yọ jáde níbi tí ìlàjì ara ọkọ̀ méjèèjì ti pàdé ní imú ọkọ̀, ó sì lè jẹ́ ẹ̀yà inú kan tí kò jókòó tán. Ẹ mú ṣọ́ọ̀kì aláwọ̀, ẹ fi kun etí ara ọkọ̀ láti imú dé bíi 150 mm sẹ́yìn, ẹ gbé dẹ́ẹ̀kì lé e jẹ́jẹ́, kí ẹ sì gbé e kúrò. Ibi tí ṣọ́ọ̀kì bá ti lẹ̀ mọ́ abẹ́ dẹ́ẹ̀kì jù ni ibi tó ga. Ẹ di sáńpépà nọ́ńbà 240 mọ́ pákó tó tẹ́jú, ẹ ha á díẹ̀ níbẹ̀ nìkan, ẹ tún fi ṣọ́ọ̀kì kùn ún, ẹ tún wò. Nígbà tí ṣọ́ọ̀kì bá ti ń lẹ̀ lọ yíká láìfo ibì kan, ẹ fi 400 parí rẹ̀. Ẹ má fi sáńpépà kan dẹ́ẹ̀kì fúnra rẹ̀, torí ìlà tó wà lójú rẹ̀ kò ní padà wá.

Kí dẹ́ẹ̀kì tó bo ọkọ̀, ẹ kun gbogbo ohun tí búrọ́ọ̀ṣì kò ní dé mọ́: ìdí ọkọ̀ níbi tí dẹ́ẹ̀kì ti yọ jáde lókè rẹ̀, inú àwọn ihò ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, àti inú lífítì. Lífítì mẹ́ta ni Ark Royal ní, yàrá bàálù rẹ̀ sì jẹ́ alájà méjì. Lífítì kọ̀ọ̀kan ní pèpéle méjì: ọ̀kan ń gbé bàálù láti yàrá ìsàlẹ̀ dé ti òkè, èkejì ń gbé e láti ti òkè dé dẹ́ẹ̀kì. Fún ìrísí tí ẹ fẹ́ yìí, ẹ jẹ́ kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lókè, kí wọ́n bá dẹ́ẹ̀kì dọ́gba. Bàálù tó fẹ́ gbéra kì í sá kọjá lórí ihò.

Lílẹ̀ fúnra rẹ̀ kò le mọ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti àárín, kì í ṣe láti orí kan. Ẹ fi téèpù di dẹ́ẹ̀kì mú ní gbogbo 100 mm, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tín-ínrín kan gọ́ọ̀mù olómi sí ojú ìlẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Á fúnra rẹ̀ wọ inú ojú ìlẹ̀ lọ. Ìka yín ò gbọdọ̀ wà lórí ojú ìlẹ̀ náà, torí gọ́ọ̀mù á sá tẹ̀lé ìka dé ojú dẹ́ẹ̀kì. Ẹ ṣe 100 mm lápá òsì, ẹ ṣe 100 mm lápá ọ̀tún, ẹ dúró ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ tó sún síwájú. Ẹni tó bá parí apá kan kó tó dé èkejì á rí i pé ọkọ̀ ti lọ́.

Àlàfo tó bá ṣẹ́kù tí kò tó 0.3 mm, ọ̀dà ìpìlẹ̀ olómi tó ki, irú Mr Surfacer, á dí i. Èyí tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ike tẹ́ẹ́rẹ́ 0.25 mm ni kí ẹ kì bọ̀ ọ́, kí ẹ fi gọ́ọ̀mù olómi mú un, kí ẹ sì gé e dọ́gba lọ́jọ́ kejì. Ẹ má fi pọ́tì, ìyẹn àmọ̀ ìdíhò, dí ojú ìlẹ̀ gígùn. Bó bá ń gbẹ, ó ń súnkì, á sì là ní ìlà kan gbọọrọ nígbà tí ẹ bá gbé ọkọ̀ náà dání lẹ́ẹ̀kan péré.

Àwọ̀ wá ńkọ́? Irin ni dẹ́ẹ̀kì Ark Royal, kì í ṣe pákó, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta dẹ́ẹ̀kì onípákó ti ọkọ̀ Amẹ́ríkà fún yín. Àwọ̀ eérú tó dúdú ni kí ẹ kùn ún. Ẹ má lo dúdú ponpo: lórí ohun tó kéré báyìí, á pa gbogbo ìlà ojú rẹ̀ rẹ́. Ẹ fi bíi ìdá kan nínú mẹ́wàá ọ̀dà funfun tàbí eérú fífúyẹ́ là á. Ara ọkọ̀ jẹ́ àwọ̀ eérú kan ṣoṣo yíká, láìsí àmì àbàwọ́n ìtanjẹ tí àwọn ọkọ̀ mìíràn kùn. Imperial War Museums, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ogun ti Gẹ̀ẹ́sì, ní àwòrán ọkọ̀ yìí púpọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì; ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n ya ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fi ti 1941 nìkan ṣe àwòkọ. Ìjì ń jà lójú òkun lọ́jọ́ tí wọ́n kọlu Bismarck, nítorí náà dẹ́ẹ̀kì á ti tutù. Fáníìṣì tó ń dán díẹ̀ ló bá a mu, kì í ṣe èyí tó ń kọ mọ̀nà bíi dígí.

Ní ti bàálù, ọjọ́ 26, oṣù Karùn-ún, 1941 ni ẹ ń ṣe, ọjọ́ yẹn sì ni á máa pinnu ohun gbogbo. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Swordfish gbéra lọ lọ́jọ́ náà. Ti àkọ́kọ́ ṣèèṣì kọlu Sheffield, ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì bíi tiwọn. Púpọ̀ nínú tọ̀pídò wọn, ìyẹn ohun ìjà abúgbàù tó ń sá lábẹ́ omi, bú kí wọ́n tó débẹ̀, Sheffield sì yèbọ́. Ìgbà kejì, lẹ́yìn agogo méje ìrọ̀lẹ́ díẹ̀, ni Swordfish 15 gbéra, tí tọ̀pídò kan sì ba ohun tí Bismarck fi ń darí jẹ́ ní ìdí. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yìí ni kí ẹ tò. Skua, bàálù mìíràn tó wà nínú ọ̀pọ̀ kíìtì (páálí àwòṣe) Ark Royal, bá ogun Norway ní 1940 mu. Ní oṣù Karùn-ún 1941, bàálù Fulmar ló ti gba ipò rẹ̀ nínú ọkọ̀ yìí. Ẹ fi àwọn Skua pamọ́. Fulmar pàápàá, ẹ gbà pé ó wà nínú yàrá bàálù nísàlẹ̀, torí kò sí àyè fún un lórí dẹ́ẹ̀kì tí bàálù 15 ti kún. Ó ṣeé ṣe kí Swordfish inú páálí yín má tó, nítorí náà ẹ kà wọ́n nísinsìnyí, kí ẹ lè ra àfikún.

Ní 1/350, ìyẹ́ Swordfish tó nà tán jẹ́ bíi 40 mm, gígùn rẹ̀ 31 mm. Dẹ́ẹ̀kì ò ju bíi 83 mm lọ ní fífẹ̀. Ìyẹn ni pé bí méjì bá dúró ní ìdọ́gba, mìlímítà mẹ́ta péré ló kù. Ẹ tò wọ́n ní ìlà méjì, mẹ́jọ lápá kan, méje lápá kejì, kí ìlà kan fi ìdajì gígùn bàálù rẹ̀yìn sí èkejì. Wọ́n á gba bíi 270 mm láti ìdí ọkọ̀, ibi tó ṣófo níwájú wọn á sì jẹ́ bíi 400 mm, ìyẹn mítà 140 lójú òkun. Nínú ẹ̀fúùfù líle bẹ́ẹ̀, ó pọ̀ tó fún Swordfish. Bí ti ẹ̀yìn kò bá rí àyè, ẹ ká ìyẹ́ méjì tàbí mẹ́ta sẹ́yìn. Bí ìyẹ́ bá ká, fífẹ̀ bàálù náà ò ju 15 mm lọ.

Àwọn kíìtì kan fi ike tó mọ́ gaara bíi omi ṣe bàálù. Ẹ kun ọ̀dà ìpìlẹ̀ kí ẹ tó fi ọ̀bẹ kàn wọ́n, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ ò ní rí ohun tí ẹ ń gé. Òkè ìyẹ́ òkè jẹ́ Extra Dark Sea Grey àti Dark Slate Grey. Òkè ìyẹ́ ìsàlẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà: Dark Sea Grey àti Light Slate Grey ló gbà, tó fúyẹ́ ju ti òkè lọ, torí òjìji ìyẹ́ òkè ń bò ó. Kódà lórí bàálù tí kò tó ìka yín, ìyàtọ̀ náà hàn. Abẹ́ rẹ̀ jẹ́ Sky Grey. Àmì ẹgbẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara bàálù, nọ́ńbà kan àti lẹ́tà kan: 2 ni ti ẹgbẹ́ bàálù 810, 4 ti 820, 5 ti 818, irú bíi 5C.

Tọ̀pídò wọn fẹ̀ ní ínǹṣì 18. Ní ìwọ̀n yín, ọ̀pá ike tó fẹ̀ ní 1.3 mm tí ẹ gé ní 14 mm ló bá a mu. Ẹ fi sáńpépà yí imú rẹ̀ po. Kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ bàálù kí ẹ tó lẹ táyà, torí àárín ẹsẹ̀ méjèèjì ló wà. Okùn irin tó wà láàárín ìyẹ́ méjèèjì ńkọ́? Bí okùn gidi bá tilẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà kan, 0.03 mm ni lórí àwòṣe. Èyíkéyìí tó bá ki ju ìyẹn lọ á jẹ́ kí bàálù dà bí àgò adìyẹ. Bí ẹ ò bá rí òwú tó fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ láìní okùn. Ó ṣì máa gún régé.

Ohun méjì tó kù wà lórí òpó. Àkọ́kọ́, Ark Royal ò ní rédà, ẹ̀rọ tó ń fi ìgbì rédíò rí ohun tó jìnnà. Sheffield tó ń bá a rìn ló ń fi tiẹ̀ ràn án lọ́wọ́. Bí ẹ bá ra àfikún idẹ pẹlẹbẹ tí èríàlì rédà wà nínú rẹ̀, ẹ má gbé e sórí òpó. Èkejì, àwọn òpó rédíò tó wà létí dẹ́ẹ̀kì ní ìdè nísàlẹ̀, wọ́n sì máa ń tẹ̀ wọ́n síta kí wọ́n sùn bíi ẹ̀ka igi nígbà tí bàálù bá fẹ́ gbéra. Ìtọ́ni inú páálí sábà máa ń fi wọ́n hàn nínàró. Pẹ̀lú bàálù 15 tó ti ń dúró de àṣẹ lórí dẹ́ẹ̀kì, ẹ jẹ́ kí gbogbo wọn sùn síta. Ẹ lẹ̀ wọ́n kẹ́yìn pátápátá, lẹ́yìn fáníìṣì, torí apá aṣọ kan tó bá kàn wọ́n ti tó láti ṣẹ́ wọn.